Àáró ní Oko Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Sàídì

Jubril fi àdá gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà láàárín, ó sì dúró wò ó. Inú rẹ̀ kò rí bí inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe máa ń rí. Ó yẹ kí ó funfun, kí omi sì máa ṣàn lára rẹ̀. Àmì pupa tó ń lọ sí dúdú ló yí i ká, bí ìgbà tí ìpẹtà irin bá ta sí aṣọ. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n láti etí wá sí àárín, wọ́n ti ṣẹ́, wọ́n sì rọ̀ yí ìdí rẹ̀ ká bí ìró tí wọn kò ró dáadáa.

Ó gé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni. Ó tún gé òmíràn tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Àmì pupa náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pọ̀.

Igun oko tó kọjú sí odò ni gbogbo èyí wà. Apá tó kù ń dán, ṣírí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà lórí wọn.

Sàídì Èjìdé, bàbá Jubril, ló ni oko náà, ní abà Oníde, ní ẹ̀yìn ìlú. Bẹ́yẹrúnkà ni ilé wọn wà, ṣùgbọ́n abà ni oúnjẹ ilé ti ń wá. Ìyá Jubril ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà ní Ọjà'ba, àwọn oníbàárà a sì máa bi í pé, "Ṣé ti oko Sàídì ni?" kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹ̀gbẹ́ òsì Sàídì, Jubril ló ń mójú tó oko ní Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìdánwò sì ti súnmọ́ tòsí.

Ó rántí ohun tí olùkọ́ wọn kọ́ wọn nípa àrùn kan tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ. Ó gé díẹ̀ lára ìtì náà, ó dì í sínú ọ̀rá, ó sì gbé e wọ ọkọ̀ korope padà sí ìlú.

Ní ọjọ́ Ajé, ó mú un lọ bá Ìyáàfin Edith Ọládèjì, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ Òkè Padre ni ìyáàfin yìí, kì í pariwo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju àwọn tó ń fi pàṣán rìn lọ.

"Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, mà. Láti oko wa. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó."

"Má tú u." Ó gba ọ̀rá náà, ó gbé e sókè sí ojú oòrùn, ó sì wò ó pẹ́. "Ta ló ní kí o gbé e jáde lóko? O gbé àrùn wọ ọkọ̀ láti abà títí dé Mápó."

"Mo rò pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́ ni, mà."

"Kò sí fóònù nílé yín tí o lè fi yà á?"

Ó mú Jubril lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n ti ń jó ìdọ̀tí, ó da kẹrosíìnì sí ọ̀rá náà, ó sì ṣáná sí i. Wọ́n dúró tì í títí ó fi di eérú.

"Ìbátan olú ló ń fà á," ni ìyáàfin náà wí, "ṣùgbọ́n ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ó ń gba gbòǹgbò wọlé, á wá dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Òùngbẹ ló ń pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín, omi sì wà nídìí rẹ̀."

"Oògùn wo ni kí n fi sí i, mà?"

"Kò sí. Ẹni tó bá ta oògùn rẹ̀ fún ọ, ó rẹ́ ọ jẹ ni. Ó sì lè wà nínú ilẹ̀ yẹn títí ìwọ náà á fi bímọ. Ohun tó kù ni pé kó má kúrò ní igun tó wà. Hú àwọn tó ń ṣàìsàn àti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tìdítìdí, kí o sì jó wọn síbẹ̀. Má wọ́ wọn la oko kọjá. Má sì jẹ́ kí wọ́n débi odò, omi á gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Ṣe ọgbà yí igun yẹn ká. Ọkọ́, àdá, bàtà, ohunkóhun tí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o fi háípò ṣan án kó tó jáde. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ oko yẹn kò gbọdọ̀ lọ sí ibòmíràn."

"Èyí tí kò ní àmì ńkọ́, mà?"

"Òun gan-an. O lè rí ọmọ tó ń dán, kí àrùn ti wà ní gbòǹgbò rẹ̀." Ó wo Jubril. "Ta ló tún ń wọ oko yín?"

"Àwa tí a jọ ń ṣe àáró ni, mà. Oko wa ló kàn ní Sátidé."

"Kò gbọdọ̀ kàn. Sọ fún wọn kí wọ́n dúró sílé wọn, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣé kí n tẹ̀ lé ọ lọ bá bàbá rẹ?"

Jubril ní kí ìyáàfin náà má ṣe ìyọnu. Ó ní òun á sọ ọ́ fúnra òun.

Bí ó ti délé ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn ìrun Àsárì, tẹ̀sùbáà wà ní ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Bàbá, ewé àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀bá odò ń pọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ló pẹ́. Òjò ti ń rọ̀, wọ́n á gbádùn."

"Ìyáàfin tó ń kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀ sọ pé…"

"Ìyáàfin wo?" Ẹnu Sàídì ti wọ́ díẹ̀ láti ìgbà àìsàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí jáde geerege. "Irú wọn ló wá bá bàbá mi láyé òyìnbó. Wọ́n ní kòkó rẹ̀ ń ṣàìsàn. Wọ́n gé e títí dórí èyí tó ń so. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn, mo sì ń bínú rẹ̀ dòní. Ẹni tó bá mú olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba dé oko mi, kó wá bàbá mìíràn."

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀," ni ìyá Jubril wí láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ó ti parí. Àáró wa ni Sátidé. Jubril, má jẹ́ kí wọ́n sọ lábà pé ọwọ́ mi rọ, oko mi náà rọ."

Nígbà tí wọ́n wọlé, ìyá rẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí ni olùkọ́ yín sọ gan-an?"

Jubril wo ilẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́, àáró kò ní wáyé. Koríko ti fẹ́ bo oko, òun nìkan kò sì lè ro ó tán kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún ro ohun tí wọ́n máa sọ ní abà nípa ọ̀gẹ̀dẹ̀ Sàídì. Orúkọ yẹn nìkan ló kù tí bàbá rẹ̀ fi ń gbé orí sókè.

"Kò sọ nǹkan kan, Ìyá mi. Ó ní kí n máa bomi rin ín."

Nígbà tí ìyáàfin náà bi í ní ilé ẹ̀kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ó dá a lóhùn pé òun ti jó wọn, àáró sì ti dúró. Ìyáàfin náà yìn ín níwájú kíláàsì.

Nígbà tí ó di Jímọ̀, ó sáré lọ sí abà. Ó ké gbogbo ewé tó pọ́n, ó gé àwọn ìtì tó ń ṣàìsàn mọ́lẹ̀, ó wọ́ wọn gba àárín oko, ó sì tì wọ́n sínú odò. Bí ó ti wẹ ọwọ́ tán, igun náà mọ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró rẹ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀, dé ní òwúrọ̀ Sátidé pẹ̀lú ọkọ́ wọn léjìká: Adébọ̀wálé, Sàláúdéènì àti Olúṣẹ́gun. Òjò ti rọ̀ lóru, ẹrẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Jubril, ọkọ́ rẹ ò mú," ni Sàláúdéènì wí. "Ṣé ìwé lo fi ń pọ́n ọn?"

"Ẹnu tìẹ ló mú. Máa fi ro ibẹ̀ yẹn lọ."

"Ẹ fi í sílẹ̀ o," ni Olúṣẹ́gun wí. "Dókítà là ń ṣe àáró fún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tẹra mọ́ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá odò, Adébọ̀wálé dúró níwájú kùkùté kan.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Òkété ló jẹ ìdí rẹ̀," ni Jubril dáhùn. "Mo kúkú gé e."

"Àtàwọn wọ̀nyí?"

"Òkété náà ni."

"Òkété yín mà ń jẹun bíi Sàlá."

Sàláúdéènì ju ìdì koríko lù ú, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lọ.

Ní abà Oníde, bí iṣẹ́ bá parí, ẹni tí wọ́n ro oko rẹ̀ ní láti fún olúkúlùkù ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú relé. Bí kò bá fún wọn, ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn kò sì ní bá a ṣe àáró mọ́. Jubril kó wọn lọ sí apá kejì oko, níbi tó jìnnà sí odò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ibẹ̀ mọ́. Ó mú ọ̀kan fún Sàláúdéènì, ó mú ọ̀kan fún Olúṣẹ́gun. Adébọ̀wálé fúnra rẹ̀ hú tirẹ̀, ó sì fẹ́ púpọ̀.

"Ìyá mi ló ní kí n mú wá. Ó fẹ́ fi kún tirẹ̀. Ó ní kò sí irú ti Bàbá Jubril ní gbogbo abà yìí."

Ìyá Adébọ̀wálé ń jẹ́ Rachel, opó kan tó ń gbé ní Òjé. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò. Òun ló fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé oko náà ni yóò gbé e wọ ilé ẹ̀kọ́ Pólì. Jubril wo àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n lẹ́wà, ẹrẹ̀ sì bo gbòǹgbò wọn. Ó la ẹnu.

"Kí ni?" ni Adébọ̀wálé bi í.

"Rárá. Gbé e lọ."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, oko Rachel ló kàn. Ọkọ́ kan náà ni wọ́n gbé lọ, bàtà kan náà ni wọ́n wọ̀. Jubril fi koríko nu ọkọ́ tirẹ̀. Òun ló gbẹ́ ihò tí wọ́n gbin àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sí, tó sì pọn omi sí wọn. Rachel fún wọn ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ó ń pè wọ́n ní ọkọ òun.

Ìdánwò dé, wọ́n ṣe é tán. Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé. Oko Sàídì ń rọ láti ẹ̀bá odò wá sí òkè. Jubril ń sọ nílé pé oòrùn ló mú jù, ìyá rẹ̀ sì ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tà ní Ọjà'ba. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, tí ó yẹ kí gbogbo nǹkan yè, ewé pọ́n ní oko Rachel. Lẹ́yìn náà, ó pọ́n ní ti ilé Sàláúdéènì.

Rachel kò kórìíra olùkọ́ tàbí ìjọba bíi ti Sàídì. Ó ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Edith, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n júwe fún un, ìyáàfin náà sì wá sí abà. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró péjọ síbẹ̀. Jubril dúró lẹ́yìn.

Ìyáàfin náà gé ìtì kan, ó sì fi inú rẹ̀ han Rachel. Ó ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ àwọn mìíràn níbi tó ti là gàràgàrà.

"Níbo lẹ ti rí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gbìn síbí, mà?"

"Oko Sàídì. Wọ́n fún wọn ní àáró."

Ìyáàfin náà yíjú padà títí ó fi rí Jubril. "Mo bi ọ́. O ní o ti jó wọn. O ní àáró ti dúró."

Adébọ̀wálé ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè tí kò gbọ́.

"Jubril," ni Rachel wí.

"Mà."

"Ìwọ lo gbẹ́ ihò yìí fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o mọ̀ nígbà yẹn?"

Ó fẹ́ sọ pé òun rò pé apá ibẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ sọ pé bàbá òun ni kò gbà. Ojú obìnrin náà kò kúrò lára rẹ̀.

"Mo mọ̀, mà."

Rachel kò sunkún, kò sì ṣépè. Ó bi ìyáàfin náà ohun tí òun tún lè gbìn síbẹ̀. Ìyáàfin náà ní gbágùúdá tàbí àgbàdo. Ó ní òun á bá wọn bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèwádìí bóyá irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà tí àrùn yìí kò lè pa, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ọkàn sí i pé yóò tètè dé. Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó kú yìí kò tún gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ náà.

"Mo ti darúgbó jù fún àtúnbẹ̀rẹ̀," ni Rachel wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kì í jó bọ̀rọ̀. Wọ́n gé wọn wẹ́wẹ́, wọ́n sá wọn síbi tí wọ́n ti hú wọn, wọ́n sì da kẹrosíìnì sí wọn. Èéfín náà dúró lórí abà títí ó fi dà bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Gbogbo ẹni tó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣì yè gbé igi dí ẹnu ọ̀nà oko wọn, wọ́n sì gbé bàsíà omi háípò síbẹ̀ fún ẹsẹ̀. Àáró parí. Kò sí ẹni tó tún fẹ́ kí ọkọ́ ẹlòmíràn kan ilẹ̀ òun.

Rachel fúnra rẹ̀ ló lọ sí Bẹ́yẹrúnkà láti sọ fún Sàídì. Sàídì kọ́kọ́ jà. Ó ní irọ́ ni, ó ní àwọn olùkọ́ ló kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí oko. Wọ́n háyà ọkọ̀ Máíkírà kan, wọ́n sì dì í mú wọ inú oko. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lóòró kò pọ̀ mọ́.

"Gé ọ̀kan," ló sọ fún Jubril.

Jubril gé e. Sàídì wò ó pẹ́.

"Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá lé ọ jáde," ló wí.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn."

"Ǹ bá lé ọ. Ṣùgbọ́n ò bá sọ. Ò bá dúró síta kí o máa sọ ọ́, títí gbogbo abà á fi gbọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi nìkan ni ì bá bínú. Ẹ jó gbogbo rẹ̀."

Kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì kí ìyáàfin olùkọ́ náà títí ó fi kú ní ọdún yẹn. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, àwọn ará abà wá, ṣùgbọ́n wọn kò dúró jẹun.

Èsì ìdánwò Adébọ̀wálé dára. Pólì gbà á wọlé, kò lọ, nítorí kò sí oko tí owó rẹ̀ máa ti jáde mọ́. Jubril rí i ní ìtòsí Béré ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń kó búlọ́ọ̀kù sínú ọkọ̀, símẹ́ńtì ti bo irun rẹ̀. Jubril dúró títí ó fi sinmi.

"Wálé, mo ti wá ọ délé ní àìmọye ìgbà."

"Mo wà nílé nígbà tí o wá."

"Bàbá mi ni ò…"

"Bàbá rẹ ò sí lóko lọ́jọ́ yẹn. Èmi àti ìwọ la dúró níbẹ̀." Adébọ̀wálé nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ. "Mi ò bínú pé oko yín ṣàìsàn. Oko ẹnikẹ́ni lè ṣàìsàn. Mo bi ọ́, o ní òkété ni. Mo tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní o sọ ọ́, à bá dúró tì ọ́, à bá bá ọ hú u, à bá bá ọ jó o, ìyá mi á sì ṣì ní oko."

"Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Kò sí."

Ẹnì kan ké pe Adébọ̀wálé láti orí ọkọ̀. Ó dìde, ó gbé búlọ́ọ̀kù, kò sì tún bojú wẹ̀yìn. Jubril dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi lọ, lẹ́yìn náà ó rìn relé.

Kò sí ẹni tó retí pé kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wo àrùn tí àwọn àgbà kò rí oògùn rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ Jubril ni ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó sọ: pé oko wa ń ṣàìsàn, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ má mú nǹkan kan níbẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ ì bá jẹ́ ti ọjọ́ díẹ̀, igun oko kan ṣoṣo ni ì bá sì parun. Ó fi í pamọ́ kí ojú má bàa ti bàbá rẹ̀, ojú sì ti gbogbo ilé wọn, ebi sì wọ ilé ẹni tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọmọ tó bá rí ohun tó ń bàjẹ́ ní ọwọ́ rẹ̀, kó tètè sọ ọ́, kódà bí wọ́n bá máa lé e jáde nílé. Wọ́n lè pe ẹni tí wọ́n lé padà. Ilẹ̀ abà Oníde kò tíì gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ títí di òní.